Lẹ́tà S Tó Wà Lára Igi Sójà: Bí A Ṣe Ń Ka Òǹtẹ̀ Ara Ìbọn Àtijọ́

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ oníròyìn wa tó kọjá, wọ́n ní kí kálukú wá ohun kan tó ti pẹ́ nínú ilé wọn, kó sì kọ àlàyé nípa rẹ̀. Ẹnì kan mú àwo tánganran ìyá rẹ̀ àgbà, ẹnì kan mú rédíò onígi. Èmi fẹ́ kọ nípa igi kan.

Igi náà wà lára ògiri pálọ̀ bàbá mi àgbà ní Òkè-Àfà, ní Ìsọlọ̀. Ìdí ìbọn ni, ibi tí sójà máa ń tì mọ́ èjìká kó tó yìn ín. Kò sí irin kankan lára rẹ̀ mọ́. Kò lọ́pàá, kò ní ohun tí wọ́n ń fi ìka fà. Igi lásán ni, ó dúdú, ó sì ń dán nítorí ọwọ́ tó ti dì í mú.

Ìtàn tí wọ́n sọ fún gbogbo wa látìgbà tí a ti gbọ́njú ni pé Sùnmọ́nù, bàbá tó bí Bàbá àgbà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Sójà, ló gbé ìbọn náà lọ jagun ní Bọ́mà. Ẹ̀rí wo ni wọ́n ní? Lẹ́tà S kan wà lókè igi náà. S, Sùnmọ́nù. Ọ̀rọ̀ parí.

Ṣùgbọ́n Ìyá àgbà ò fẹ́ rí igi náà sójú. Wọ́n ní nǹkan ogun kan kò gbọdọ̀ bá àwọn sùn nínú ilé. Ẹni tó bá mọ ohun tí ojú rí ní Òkè-Àfà lọ́dún 2002 kò ní bi wọ́n pé kí ló dé. Màá padà sórí ìyẹn níwájú. Bàbá àgbà ní ogún bàbá àwọn ni, kò ní jáde. Ọ̀rọ̀ di fà-á-kí-n-fà-á. Ni wọ́n bá yíjú sí mi: "Ìwọ tí o ń kàwé, sọ ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ fún wa." Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí òǹtẹ̀ ìbọn nìyẹn. Ohun tí mo rí nìyí.

KÍ NI ÒǸTẸ̀ ÀTÚNṢE?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà sí Ládípọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé tí èèyàn bá fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, kì í ṣe dídán ló ń wò. Ẹni tó mọ ọjà á wo nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì, á wo bóyá wọ́n ti ṣí i rí, á wo bóyá sípánà ti jẹ orí nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì lè jẹ́ ti ọdún kan, kí ọmọrí rẹ̀ jẹ́ ti ọdún mìíràn. Ìbọn sójà àtijọ́ náà rí bẹ́ẹ̀ gan-an.

Ìjọba kì í dédé ju ìbọn nù torí pé ó gbó. Wọ́n á kó o lọ sí ilé iṣẹ́ ológun tí wọ́n ti ń tún ohun ìjà ṣe. Níbẹ̀, wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á kó irin sójú kan, wọ́n á kó igi sójú kan. Èyí tó dáa á padà sẹ́nu iṣẹ́, èyí tó ti jẹ á kúrò, wọ́n á sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Tí wọ́n bá tò ó tán, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tí iṣẹ́ àyẹ̀wò wà lọ́wọ́ rẹ̀ á wá tẹ òǹtẹ̀ sára igi tàbí sára irin. Ohun tí òǹtẹ̀ yẹn ń wí ni pé: "Ilé iṣẹ́ báyìí ti yẹ ìbọn yìí wò, ó ṣeé lò."

(Ẹ má rẹ́rìn-ín o, àmọ́ níbí ní Òṣòdì, ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ológun tó fẹ́ fẹ̀yìn tì ní iṣẹ́ ọwọ́ kí wọ́n tó padà sílé. Sójà fúnra rẹ̀ náà ń gba àtúnṣe.)

Ohun tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn nìyí, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi: òǹtẹ̀ àtúnṣe kì í sọ ọjọ́ tí wọ́n bí ìbọn, kì í sì í sọ ẹni tó fi jagun. Ẹni tó tún un ṣe tàbí tó yẹ̀ ẹ́ wò ló ń sọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyẹn.

ÀTÚNṢE DÉ KÍRÍJÌ

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan nìyí. Ẹ rántí ogun Kíríjì tí a kọ́ nínú ìtàn, Ìbàdàn lápá kan, Èkìtìparapọ̀ lápá kejì. Ọdún 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà, àmọ́ ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó kúrò ní ibùdó. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń ṣòwò ní Èkó níbí ló ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn wọn lójú ogun. Ìró ìbọn wọ̀nyẹn ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ: kí-rí-jì!

Ọ̀kan nínú àwọn ìbọn yẹn ni Snider. Snider yìí gan-an, àtúnṣe ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ìbọn kan tí wọ́n ń pè ní Enfield ti 1853. Ẹnu ni wọ́n ti ń rọ ẹ̀tù sí i, bíi ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa. Nígbà tó di 1866, wọn ò kó wọn dànù. Wọ́n gé ẹ̀yìn ọ̀pá wọn, wọ́n fi ìlẹ̀kùn kékeré kan síbẹ̀, èyí tí Jacob Snider ará Amẹ́ríkà ṣàwárí rẹ̀, kí ọta lè máa gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹni tó ń rọ ẹ̀tù láti ẹnu ní láti fi ọ̀pá gún un kó tó lè yìn ín, ẹni tó ń fi ọta sí i láti ẹ̀yìn á ti yìn ín lẹ́ẹ̀mélòó kan kí tọ̀hún tó ṣe tán.

Nítorí náà, èèyàn lè rí Snider kan tí wọ́n kọ 1861 sára irin rẹ̀, kó wá rò pé ní 1861 ni wọ́n ti ń fi ọta sí i láti ẹ̀yìn. Irọ́ ni. Ìbọn kan ni, àmọ́ ó ní ọjọ́ ìbí méjì. Àti ìgbà yẹn náà ni wọ́n ti ń tẹ òǹtẹ̀ róbótó sára igi ìdí ìbọn, tí orúkọ ilé iṣẹ́ máa wà nínú rẹ̀.

LẸ́YÌN OGUN ÀGBÁYÉ KEJÌ

Nígbà tí ogun parí lọ́dún 1945, àìmọye ìbọn ló padà sílé pẹ̀lú ẹrẹ̀, ìpẹtà àti igi tó ti là. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ àtúnṣe wá pọ̀ jù. Amẹ́ríkà ló fẹ́ràn àti máa tẹ òǹtẹ̀ sára igi jù, lápá òsì ìdí ìbọn. Lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta ni, orúkọ ilé iṣẹ́ ni wọ́n sì dúró fún. SA ni Springfield ní Massachusetts. RIA ni Rock Island ní Illinois. AA ni Augusta ní Georgia. BA ni Benicia ní California. SAA ni San Antonio ní Texas. OG ni Ogden ní Utah.

Nígbà míì, lẹ́tà orúkọ ẹni tó ṣe àyẹ̀wò máa ń tẹ̀ lé e. RIA pẹ̀lú EB, Elmer Bjerke nìyẹn. OG pẹ̀lú EK, Elmer Keith ni. Ọkùnrin yẹn tún di gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé nípa ìbọn. Ẹ ò rí i pé lẹ́tà orúkọ èèyàn máa ń wà lára igi ìbọn lóòótọ́, àmọ́ ti ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò ni, kì í ṣe ti ẹni tó gbé e? Tí ẹ bá sì rí P nínú róbótó, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti fi ọta tó lágbára ju ti ojoojúmọ́ lọ yìn ín, kò sì bẹ́.

Àwọn ará Rọ́ṣíà kì í fi lẹ́tà dààmú ara wọn lọ títí. Àpótí kékeré kan tí ìlà gba inú rẹ̀ kọjá ní ìdábùú wà lára àwọn àmì tí wọ́n ń tẹ̀ sára ìbọn tí wọ́n ti tún ṣe.

TI ÀWỌN GẸ̀Ẹ́SÌ, ÈYÍ TÓ KÀN WÁ JÙ

Àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n lọ sí Bọ́mà, ìyẹn dífíṣọ̀n kọkànlélọ́gọ́rin àti ìkejìlélọ́gọ́rin, lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wà, ìbọn Lee-Enfield ni wọ́n sì gbé. Àwọn àmì tó wọ́pọ̀ lára ìbọn yẹn rèé:

1. Ọfà onílà mẹ́ta. Ohun ìní ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni. Tí ọfà méjì bá kọjú síra wọn, tí ẹnu wọn pàdé, ìjọba ti tà á, ọwọ́ wọn ti kúrò níbẹ̀.

2. FTR. Ó dúró fún "Factory Thorough Repair", ìyẹn àtúnṣe pátápátá nílé iṣẹ́. Ara irin, lápá òsì, ni ó máa ń wà, ọdún àtúnṣe sì sábà máa ń tẹ̀ lé e.

3. FR pẹ̀lú ọdún. Ìbọn tí wọ́n tún ṣe ní Íńdíà, nílé iṣẹ́ Ishapore, ló máa ń ní èyí.

4. S, L tàbí B. Òkè igi ìdí ìbọn ni ó máa ń wà, nítòsí irin ìdí rẹ̀. Ẹ mú sùúrù fún mi lórí èyí.

5. DP. Ó dúró fún "Drill Purpose". Ìbọn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún kíkọ́ ọmọ sójà ní ìrìn àti bí a ṣe ń gbé ìbọn. Kò gbọdọ̀ yìn ọta mọ́.

BÍ A ṢE Ń WÁ ÒǸTẸ̀ TÍ Ó TI PARẸ́

Àkọ́kọ́, ẹ má fi sáńdípépà kàn án o! Ẹni tó bá ha igi nítorí kó lè dán, ó ti pa ìwé rẹ́ nìyẹn. Ilé iṣẹ́ àtúnṣe pàápàá máa ń ha igi, òǹtẹ̀ àtijọ́ á wá di ìdajì, tàbí kó má sí mọ́. Nítorí náà, àìrí òǹtẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé wọn ò tún un ṣe rí.

Ìkejì, ẹ fi iná wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Iná tó bá wá láti òkè tààrà kì í fi nǹkan kan hàn. Tí ẹ bá mú tọ́ọ̀ṣì wálẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rá lórí igi, gbogbo ibi tó jìn á ní òjìji.

Ìkẹta, ẹ fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, kí ẹ fi lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù ra á jẹ́jẹ́, bí a ṣe máa ń ṣe sí owó kọ́bọ̀ nígbà tí a wà ní pírámárì. Lẹ́tà á jáde sórí bébà.

Ìkẹrin, ẹ wo àwọ̀ igi. Tí igi iwájú ìbọn bá pọ́n, tí ti ìdí dúdú, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pààrọ̀ ọ̀kan. Igi walnut ni wọ́n fẹ́ràn jù láyé àtijọ́. (Kì í ṣe àwùsá tí à ń jẹ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé walnut náà ni wọ́n ń pè é lédè òyìnbó.)

Ìkarùn-ún, ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ń kó ìbọn àtijọ́ jọ, owó sì wà níbẹ̀, nítorí náà àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ń tẹ òǹtẹ̀ tuntun sára igi àtijọ́. Bí ojú igi bá ti gbó, tó ti ní àpá, ṣùgbọ́n tí etí lẹ́tà mú bíi bílédì, tí lẹ́tà náà sì gba orí àpá kọjá, ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀. Àpá ló ṣáájú òǹtẹ̀.

ALẸ́ ỌJỌ́ TÍ MO KA IGI WA

Wọ́n mú iná lọ ní Òkè-Àfà lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ̀rọ amúnáwá ò ní epo. Mo gbé igi náà sórí tábìlì, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù mi rá a láti ẹ̀gbẹ́. S ti wà lókè bí a ṣe ń rí i látijọ́. Ọfà kékeré kan jáde nísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo yí i sí ẹ̀gbẹ́, mo rí òjìji lẹ́tà ńlá méjì tí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa ò rí rí: D, lẹ́yìn náà P.

Àyà mi já. Mo ti mọ ohun tí S jẹ́ kí ọjọ́ yẹn tó pé. S kì í ṣe Sùnmọ́nù. "Short" ni, kúkúrú. Apá gbogbo sójà ò gùn bákan náà, nítorí náà wọ́n ń ṣe ìdí ìbọn ní oríṣiríṣi: èyí tó mọ níwọ̀n, L tó fi ìdajì íǹṣì gùn jù ú lọ, S tó fi ìdajì íǹṣì kúrú sí i, àti B tó kúrú jù lọ. Bíi nọ́ńbà bàtà ni. Ta ló fẹ́ sọ fún Bàbá àgbà pé nọ́ńbà bàtà ni wọ́n ti ń fọ́n sí i láti ọjọ́ yìí? A ní òwe kan nípa irọ́ tó lọ fún ogún ọdún àti òtítọ́ tó bá a lọ́jọ́ kan, àmọ́ irú òwe yẹn kọ́ ni ọmọdé ń pa lójú àgbà.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ní: "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. S yìí kì í ṣe orúkọ. DP yìí sì ń sọ pé iṣẹ́ tí ìbọn náà ṣe kẹ́yìn ni kíkọ́ ọmọ sójà." Mo tún fi kún un pé ìyẹn ò ní kí ìbọn náà má ti jagun rí, torí ìbọn tó ti gbó lójú ogun náà ni wọ́n sábà máa ń sọ di DP. Ohun tí òǹtẹ̀ lè sọ nìyẹn. Kò lè jẹ́rìí Bọ́mà, kò sì lè tako ó.

Bàbá àgbà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n. Wọ́n wá ní: "Ṣé o mọ̀ pé bàbá mi ò fi ẹnu ara wọn sọ pé àwọn gbé igi yìí lọ Bọ́mà rí? Àwa ọmọ la sọ ọ́. Ohun tí àwọn máa ń sọ ni pé nígbà tí àwọn dé, wọ́n ní kí àwọn máa kọ́ àwọn ọmọ tuntun. Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n máa ń tò wá sí àgbàlá: lẹ́fùtì, ráìtì, lẹ́fùtì, ráìtì! Tí ẹsẹ̀ rẹ bá ṣì, o ò ní jẹ ẹran lọ́jọ́ yẹn."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ ìtàn yẹn rí láyé mi. Lẹ́tà S ti bò ó mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Ṣé ó lè yìn?" Mo ní: "Rárá mà. Igi lásán ni. Àní ìbọn tó ti jáde wá gan-an, wọ́n ti kọ ọ́ sí i lára pé kò gbọdọ̀ yìn mọ́."

ÌDÍ TÍ ÌYÁ ÀGBÀ FI BÈÈRÈ

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, ọdún 2002, iná ràn mọ́ ibi tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà. Bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í bú, wọ́n ń fò wọ àdúgbò. Àwọn èèyàn ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n sá nínú òkùnkùn. Ọ̀pọ̀ wọn sá gba Òkè-Àfà, wọ́n sì já sínú kánáàlì tí ewéko orí omi bò, wọ́n rò pé ilẹ̀ ni. Àwọn tó kú lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọ̀pọ̀ ọmọdé ló sì wà nínú wọn. Ibi ìrántí wọn wà ní Òkè-Àfà títí dòní, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá. Ìyá àgbà wà ládùúgbò lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọn kì í sọ ju gbólóhùn méjì lọ nípa rẹ̀.

Lẹ́yìn ìjàǹbá yẹn, ọ̀gá ológun fúnra rẹ̀ sọ pé ibi ìkóhun-ìjà-sí náà ti pẹ́, àwọn sì ti ń gbèrò láti tún un ṣe kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo ka ìyẹn, ni mo wá mọ ìwúlò òǹtẹ̀. Òǹtẹ̀ tó wà lára ohun ìjà ń sọ pé ẹnì kan dúró, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì fi lẹ́tà orúkọ rẹ̀ tàbí ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ dúró fún un. Ohun ìjà tó bá ń gbó tí ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ wò, àwọn ará àdúgbò ló máa jìyà rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tí ẹ bá rí ìbọn àtijọ́, ọta tàbí irin tó jọ bọ́ǹbù níbikíbi, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má ní ẹ fẹ́ ka òǹtẹ̀. Ẹ kúrò níbẹ̀, kí ẹ sọ fún àgbàlagbà kó pe ọlọ́pàá. Níní ìbọn láìgba ìwé àṣẹ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Tí ẹ bá fẹ́ fi ojú kọ́ bí a ṣe ń ka òǹtẹ̀, ẹ wo abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ Singer ìyá yín, ẹ wo ẹ̀yìn aago bàbá yín, ẹ wo nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì. Àwọn náà ń sọ̀rọ̀, wọn ò sì lè pa èèyàn.

Igi wa kò jáde nílé. Ó kàn kúrò ní pálọ̀ ni. Ìyá àgbà ní kó máa lọ sí yàrá Bàbá àgbà, ibi tí ojú àwọn ò ti ní máa rí i. Bàbá àgbà gbà. Mo kọ bébà kékeré kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀: "Igi ìbọn Gẹ̀ẹ́sì, ìdí kúkúrú, ti ìkọ́ni. Ó wà lọ́wọ́ Sùnmọ́nù, tó lọ Bọ́mà, tó padà wá kọ́ àwọn ọmọ sójà."